Ìtọ̀ ṣúgà ti dé: kí ni kí n jẹ, báwo ni kí n ṣe jẹ ẹ́?

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí dókítà sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà, oríṣi kejì. HbA1c mi, àyẹ̀wò tó ń fi ìpíndọ́gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ hàn, jẹ́ 8.1%. Wọ́n kọ metformin fún mi, wọ́n sì ní kí n máa ṣọ́ ohun tí mò ń jẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Láti ìgbà náà, ẹnì kan ní kí n má jẹ ìrẹsì mọ́ láyé, ẹnì kejì ní èso ló burú jù, ẹnì kẹta ní kí n fi oyin rọ́pò ṣúgà. Mo ti pa oúnjẹ alẹ́ tì, omi ni mo ń mu sùn, síbẹ̀ bí mo bá wọn ṣúgà mi láàárọ̀ kùtù, 150 tàbí 160 ló ń jẹ́. Kí ni kí n jẹ gan-an, báwo ni kí n ṣe jẹ ẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ká tètè mú ohun kan kúrò nílẹ̀ ná: ìrẹsì kì í ṣe èèwọ̀ fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, èso kì í ṣe èèwọ̀, oyin náà kì í sì í ṣe oògùn. Ohun tó ń gbé ṣúgà sókè ni iye oúnjẹ afáralókun (carbohydrate) tó wọ ikùn ní ìjókòó kan, àti bó ṣe yára dà tó. Bí ẹ bá di ìyẹn mú, ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì máa wà lórí tábìlì yín. Ìwọ̀n wọn ló máa yí padà, àti ohun tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìdí tí ṣúgà fi ga láàárọ̀ bẹ́ẹ̀ ẹ kò jẹun alẹ́

Ibí ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń da ọkàn àwọn èèyàn rú jù. Ẹ̀dọ̀ wa dà bí àká. Bí a bá jẹun, ó ń kó ṣúgà pamọ́. Bí a kò bá jẹun, ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọpọlọ lè rí ohun lò. Ínsúlínì, họ́mọ́nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ló ń sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Nínú ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì, ẹ̀dọ̀ kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu dáadáa mọ́, ó sì ń tú ṣúgà sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní òru. Bó bá wá kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, ara tún ń pèsè àwọn họ́mọ́nù tó ń múra wa sílẹ̀ láti jí, bíi cortisol, àwọn yẹn náà á sì ti ẹ̀dọ̀ láti tú sí i. Bí ẹni tí kò fẹnu kan nǹkan kan láti ìrọ̀lẹ́ ṣe ń jí bá 160 nìyẹn.

Metformin tí wọ́n kọ fún yín, ẹ̀dọ̀ yìí gan-an ló ń bá wí. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn dókítà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n kékeré, 500 mílígíráàmù, wọ́n á wá máa fi kún un bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ kí inú má baà dàrú. Bó bá ń fún yín ní inú rírun tàbí ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má kàn pa á tì: ẹ máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, kì í ṣe sórí ikùn òfìfo, bí kò bá sì rọlẹ̀, ẹ ní kí dókítà fún yín ní èyí tó ń rọra yọ́ nínú ikùn.

Nítorí náà, ẹ dá oúnjẹ alẹ́ padà. Ẹni tó fi ebi sùn sábà máa ń san án lọ́jọ́ kejì: á jẹ àjẹkún lọ́sàn-án, ṣúgà á sì fò ju bí ì bá ṣe fò lọ. Ẹ jẹun ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó sùn, kí afáralókun inú rẹ̀ kéré sí ti ọ̀sán, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà àárọ̀ ló sábà máa ń kẹ́yìn láti wálẹ̀. Ẹ má fi òun nìkan dá ara yín lẹ́jọ́.

Ẹ tún wo nọ́ńbà kejì tí ẹ kọ ránṣẹ́. HbA1c 8.1% dọ́gba pẹ̀lú ìpíndọ́gba ṣúgà tó jẹ́ nǹkan bíi 186 mg/dL, tọ̀sán-tòru, fún oṣù méjì sí mẹ́ta tó ṣáájú àyẹ̀wò. Bí ti àárọ̀ bá wà ní 150 sí 160, tí ìpíndọ́gba sì jẹ́ 186, ó jọ pé àwọn wákàtí tó tẹ̀ lé oúnjẹ ni ṣúgà yín ti ń gun òkè jù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Gíráàmù 15 ni òṣùwọ̀n

Ṣúgà, ìrẹsì, búrẹ́dì, ọ̀dùnkún, àgbàdo, sìpàgẹ́tì, èso, wàrà: afáralókun wà nínú gbogbo wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì ń di glucose, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kó tó máa káàkiri ara. Ẹran, ẹja, ẹyin àti òróró kò ní in, tàbí kó má tó nǹkan. Kí ọ̀rọ̀ má baà di ìṣirò olóòyì, àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń ka gíráàmù 15 afáralókun sí ìwọ̀n kan. Ègé búrẹ́dì kan tó wúwo tó gíráàmù 30 jẹ́ ìwọ̀n kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́ta ife ìrẹsì tàbí sìpàgẹ́tì tó ti jinná (ife tó gba mílílítà 240 là ń sọ), ìlàjì ife ẹ̀wà sísè, ìlàjì ife àgbàdo tí wọ́n ti ṣẹ́, ọ̀dùnkún kékeré kan tí kò ju gíráàmù 85 lọ, ápù tàbí ọsàn kékeré kan, àti ìlàjì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó gùn. Oyin ṣíbí ìjẹun kan ju ìwọ̀n kan lọ díẹ̀: gíráàmù 17.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n mẹ́ta ní ìjókòó kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, jẹ́ ibi tó dáa fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ọkùnrin lè lọ sí mẹ́rin. Ìpápánu, bó bá pọn dandan, kó má ju ìwọ̀n kan lọ. Kì í ṣe òfin o. Ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ lè nílò jù bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn á rí i pé méjì péré ni ara òun gbà.

Ẹ ṣe nǹkan yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tó ìwé mẹ́wàá kà. Ẹ bu ìrẹsì sínú àwo bí ẹ ṣe máa ń bù ú lójoojúmọ́, ẹ má tan ara yín. Kí ẹ tó fi ọbẹ̀ sí i, ẹ mú ife mílílítà 240 yẹn, kí ẹ máa bu ìrẹsì náà padà látinú àwo sínú rẹ̀. Ẹ má kì í mọ́lẹ̀. Ẹ kàn fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí ife kó tẹ́jú. Ẹ ka iye ife tó jáde. Ife kan jẹ́ gíráàmù 45, ìyẹn ìwọ̀n mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ife méjì àbọ̀, ó ti lé ní 110, bí ìgbà tí èèyàn bá bu ṣíbí tíì 28 ṣúgà jẹ. Ìrẹsì kì í ṣe májèlé; àwo ló jìn ju bí ojú ṣe rò lọ. Ẹ wá da ife kan ṣoṣo padà sínú àwo kan náà, kí ẹ wo ibi tó gùn dé. Ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ ibẹ̀ dáadáa. Bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ kò ní nílò ife mọ́.

Ibi tó wá ṣófo nínú àwo ni wàhálà tó kàn, torí ife ìrẹsì kan kò lè yóni bó bá dá wà. Ẹ máa lo àwo tó tẹ́jú, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ, kì í ṣe abọ́ tó jìn. Ẹ fi ojú pín in sí méjì. Ìlàjì kan jẹ́ ti ẹ̀fọ́ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: kábéèjì, kúkúńbà, tòmátì, ilá, ata, kárọ́ọ̀tì. Ẹ tún pín ìlàjì kejì sí méjì: apá kan fún ẹja, ẹyin, adìyẹ tàbí ẹran tí kò lọ́ràá, apá kejì fún afáralókun. Ọ̀dùnkún àti àgbàdo kò sí lára ẹ̀fọ́ níbí. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi ìyẹn ṣe: wọ́n á kó àgbàdo sí ibùdó ẹ̀fọ́, wọ́n á tún bu ìrẹsì sí àyè tirẹ̀, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé àwọn kò jẹ nǹkan kan.

Ẹ̀wà yàtọ̀ láàárín wọn. Ìlàjì ife rẹ̀ ní afáralókun tó tó ìwọ̀n kan tàbí kó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ní amáradàgbà (protein) bíi gíráàmù 7, ó sì ní fáíbà púpọ̀, ìyẹn okùn inú oúnjẹ tí ìfun kò lè dà, torí náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo lóṣù yìí, ẹ fi ẹ̀wà rọ́pò ìdajì ìrẹsì yín. Mi ò mọ ìyípadà mìíràn tí wàhálà rẹ̀ kéré tó báyìí tí èrè rẹ̀ sì tó báyìí.

Ohun tó kọ́kọ́ wọ ẹnu náà ń ṣe nǹkan. Oúnjẹ kan náà, ìwọ̀n kan náà: bí ẹ̀fọ́ àti ẹja bá ṣáájú, tí ìrẹsì tàbí búrẹ́dì sì kẹ́yìn, ṣúgà kì í fò tó ìgbà tí ìrẹsì bá ṣáájú. Àpòlùkù kì í tètè tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún ìfun nígbà tí fáíbà, amáradàgbà àti ọ̀rá bá ti wà níbẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì gba agbára kankan.

Bí oúnjẹ náà ṣe rí kó tó dé ẹnu

Ní ọdún 1981, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi ń wọn bí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára gbé ṣúgà sókè. Glycemic index ni wọ́n pè é. Glucose ló wà lórí 100. Ó wúlò, àmọ́ àwọn kan ti sọ ọ́ di òrìṣà. Nọ́ńbà yẹn kò sọ iye tí ẹ jẹ. Oúnjẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, bí ẹ bá jẹ àwo méjì rẹ̀, á ṣe yín ní ohun tí àwo kan ìrẹsì ń ṣe.

Ohun tó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀ ni èyí: bí oúnjẹ bá ṣe kúnná tó, bó bá ṣe jinná rọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yára dà. Ọkà tó ṣì wà ní odidi ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná lọ. Oats tó nípọn sàn ju èyí tí wọ́n kàn ń da omi gbígbóná lé lórí. Sìpàgẹ́tì tó ṣì le díẹ̀ lẹ́nu sàn ju èyí tó ti rọ̀ tán. Ìrẹsì aláwọ̀ ilẹ̀ ní fáíbà ju funfun lọ, àmọ́ ẹ fetí sí mi: ife kan rẹ̀ ṣì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 45. Àwọn tó ń sọ pé "èyí kò ní ṣúgà" tí wọ́n wá jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀ kò jèrè ohunkóhun. Búrẹ́dì náà, àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn èròjà tó wà lẹ́yìn náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìyẹ̀fun odidi ọkà, búrẹ́dì funfun tó wọ aṣọ mìíràn ni.

Wọ́n tún máa sọ fún yín pé kí ẹ se ìrẹsì, kí ẹ jẹ́ kó tutù nínú fíríìjì, kí ẹ tó gbé e gbóná jẹ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, apá kan sítáàṣì rẹ̀ á di èyí tí ìfun kò rí dà, àmọ́ àǹfààní ibẹ̀ kéré, kò tó ohun tí èèyàn lè torí ẹ̀ bu ife kún ife. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe é, ẹ má fi ìrẹsì sílẹ̀ sórí tábìlì di ọ̀la: kòkòrò kan wà tí ń jẹ́ Bacillus cereus tí sísè kì í pa spore rẹ̀ (ohun tó dà bí irúgbìn rẹ̀), tó ń pọ̀ sí i nínú ìrẹsì lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì ń fa èébì. Kó má ju wákàtí kan lọ kó tó wọ fíríìjì.

Èso ńkọ́? Ẹ jẹ ẹ́ ní odidi, ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí ìjókòó kan. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni ẹ fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta ife ìrẹsì kúrò kí ápù lè wọlé. Omi èso ni ẹ óò pa tì. Ife omi ọsàn kan, mílílítà 240, ní gíráàmù bíi 26, fáíbà rẹ̀ sì ti kúrò. Ọsàn bíi mẹ́ta ni wọ́n fún kó tó kún, ta ló sì ń jẹ ọsàn mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan? Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò burú jù ú lọ: agolo mílílítà 330 sábà máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 35. Bí ẹ bá ń mu ọ̀kan lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ìdáwọ́dúró rẹ̀ nìkan lè fa ṣúgà yín wálẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Oyin, ṣúgà pupa, ṣúgà funfun: ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun amúǹkandùn tí kì í ṣe ṣúgà, bíi sucralose tàbí stevia, kì í gbé ṣúgà sókè, ẹ lè fi wọ́n já ara yín gbà nínú tíì. Bísíkíìtì tí wọ́n kọ "sugar free" sí, ìyẹ̀fun ṣì ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn páálí, ìlà "Total Carbohydrate" ni kí ẹ wò, kì í ṣe ìlà "Sugars" nìkan, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo "Serving size" lókè rẹ̀, torí iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè jẹ́ ti bísíkíìtì méjì péré nígbà tí ẹ ti jẹ mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe adájọ́

Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ṣúgà láàárọ̀ nìkan, ẹ ò tíì lò ó tó. Ọ̀nà tó wúlò jù láti lò ó ni kí ẹ wọn ṣúgà kí òkèlè àkọ́kọ́ tó wọlé, kí ẹ sì tún un wọ̀n ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ jẹun tán. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Bí omi ọsàn bá kù lára ìka, ẹ̀rọ á ka ti ìka mọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ìka ni kí ẹ gún, àárín rẹ̀ ló ń dunni jù.

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lóyún, ohun tí à ń wá ni 80 sí 130 mg/dL kí wọ́n tó jẹun, àti kó má tó 180 lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ẹ̀rọ yín bá ń lo mmol/L, ẹ fi 18 pín àwọn nọ́ńbà yẹn: 4.4 sí 7.2, àti 10.0. Dókítà yín lè yan òmíràn fún yín nítorí ọjọ́ orí tàbí àìsàn mìíràn. Tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kò pọn dandan kí ẹ máa gún ara yín lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Ẹ mú oúnjẹ kan, ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ká ní ẹ jẹ ife ìrẹsì méjì, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ìlàjì àwo àti ẹja, lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé: 128 ṣáájú, 221 lẹ́yìn wákàtí méjì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ife kan, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja kan náà: 126, lẹ́yìn náà 172. Lọ́jọ́ Rú, ohun kan náà, àmọ́ ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn oúnjẹ: 127, lẹ́yìn náà 158. Ìwé kékeré tí ẹ kọ ìlà mẹ́ta yìí sí ti sọ fún yín ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ: ìrẹsì kò kúrò nílé yín, ife kejì ló kúrò. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ sì má gba nọ́ńbà ẹlòmíràn gbọ́ ju tiyín lọ. Ègé búrẹ́dì kan náà lè gbé èèyàn méjì dé ibi tó yàtọ̀ pátápátá.

Ìrìn yẹn kì í ṣe àfikún lásán. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa glucose wọlé láìdúró de ínsúlínì, torí náà ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn oúnjẹ ń gé orí òkè ṣúgà náà kúrò nígbà tó ń gùn lọ́wọ́. Ìrìn àárọ̀ dáa, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn oúnjẹ ló bá ọ̀rọ̀ yín mu jù.

Ibi tí ó ti ń dàrú

Lọ́sẹ̀ kejì sí ìkẹta, bí ṣúgà bá ń wálẹ̀, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, kí òógùn sì máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ń ka 105. Ara ló ti mọ́ 200 lára, ó rò pé ewu dé. Ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ju 70 lọ, ẹ jókòó, ẹ jẹ ìpápánu kékeré bó bá tó àsìkò oúnjẹ, ẹ má sáré mu ohun dídùn. Ó máa kọjá láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ojú náà lè ṣú díẹ̀, torí omi inú awò ojú ń yí padà bí ṣúgà ṣe ń yí padà. Ẹ má lọ ra gíláàsì tuntun títí ṣúgà yóò fi dúró sójú kan.

Bó bá wálẹ̀ ju 70 lóòótọ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Metformin nìkan kì í sábà fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi oògùn bíi glibenclamide, gliclazide, glimepiride tàbí ínsúlínì kún un, ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí: ẹ jẹ gíráàmù 15 ohun tó ń yára dà, bíi ìlàjì ife omi èso tàbí ṣúgà ṣíbí ìjẹun kan tí a pò mọ́ omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì tó 70, ẹ tún un ṣe. Ṣokoléètì kọ́ ni kí ẹ gbé, ọ̀rá inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kó tètè wọlé. Ẹni tó bá wà lórí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fo oúnjẹ, kò sì gbọ́dọ̀ mu ọtí sórí ikùn òfìfo, torí ẹ̀dọ̀ tó ń bá ọtí jà kì í ráyè tú ṣúgà sílẹ̀. Bí ẹ bá sì gé afáralókun yín kù gan-an, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ ṣáájú kó lè dín oògùn kù. Ẹni tó ń lo oògùn empagliflozin tàbí dapagliflozin ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ gígùn tàbí yọ afáralókun kúrò pátápátá láìgba àṣẹ: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kún fún ásíìdì tí wọ́n ń pè ní ketone, nígbà tí ẹ̀rọ kò tilẹ̀ tíì ka ṣúgà tó ga.

Àṣìṣe mìíràn: ẹni tó bẹ̀rù ìrẹsì tó wá bọ́ sọ́wọ́ ohun díndín. Òróró ṣíbí ìjẹun kan ní kálórì bíi 120. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, gíráàmù 30, tó 170. Ọ̀rá kì í gbé ṣúgà sókè lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á máa yìn yín, ìwọ̀n ara á sì máa gòkè. Ìwọ̀n ara yẹn sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra, torí ọ̀rá tó kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú pancreas, ẹ̀yà ara tó ń pèsè ínsúlínì, wà lára ohun tó sọ ínsúlínì di aláìlágbára. Nínú ìwádìí DiRECT tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, gbogbo àwọn tí wọ́n yàn fún oúnjẹ olómi tó tó kálórì 825 sí 853 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, 46% nínú wọn ni ṣúgà wọn, nígbà tó pé ọdún kan, padà sí ìwọ̀n tí kì í ṣe ti aláìsàn láìlo oògùn. Nínú àwọn tí ìwọ̀n ara wọn fi kílógíráàmù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù, 86% ni. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni àìsàn àwọn tí wọ́n gbà wọlé pẹ́ jù. Irú oúnjẹ kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá ṣe nílé, dókítà ló ń ṣọ́ ọ, àmọ́ bí ẹ bá sanra, tí àìsàn yín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ béèrè nípa rẹ̀ nísinsìnyí. Bí ẹ ò bá lè lọ tó bẹ́ẹ̀, kí ìwọ̀n ara fi 5 sí 10% dín kù tó láti rí ìyàtọ̀ lára nọ́ńbà yín.

Iyọ̀, ẹ má jẹ́ kó ju ṣíbí tíì kan lọ lóòjọ́, ti inú oúnjẹ àràjẹ àti ti inú èròjà amọ́bẹ̀dùn pẹ̀lú; ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà jọ ń rìn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ní ìṣòro kò gbọ́dọ̀ fi ẹran àti ẹyin dí àyè ìrẹsì láìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni aláboyún: àwọn nọ́ńbà tí mo kọ sókè kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání, ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán: ohun tí ẹ jẹ, iye ife, nọ́ńbà ṣáájú, nọ́ńbà lẹ́yìn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín, ojú àti ẹsẹ̀ yín wò, bó bá sì ti pẹ́ tí ẹ ti ń lo metformin, kí wọ́n wọn fítámìn B12 yín. HbA1c tó kàn, kó di oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ yí oúnjẹ padà. Ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni àyẹ̀wò yẹn ń kà, sẹ́ẹ̀lì náà sì ń lò tó ọjọ́ 120 kó tó kú. Bí ẹ bá sáré lọ ṣe é lóṣù kan, àwọn tó ti wà níbẹ̀ nígbà ife méjì àbọ̀ ni yóò ṣì máa kà fún yín.